Lẹ́ńsì Méjì àti Omi Tó Wà Láàrin

Ohun àkọ́kọ́ tí mo wá tí n kò rí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ni òkúta. Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, níbi tí òkúta ti pọ̀ débi pé bí ọmọdé bá fẹ́ mọ ẹni tó ń bọ̀ láti oko, àpáta ni yóò gùn. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé abúlé náà gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, mo fẹ́ kan ìṣó mọ́ ògiri yàrá mi kí n lè rí ibi tí n ó máa fi aṣọ kọ́ sí. Mo jáde, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Pákó ni ilẹ̀, omi ni abẹ́ pákó, ẹrẹ̀ ni abẹ́ omi. Mo bi obìnrin tó gbà mí sílé pé níbo ni mo ti lè rí òkúta.

"Òkúta?" Ó gbé ẹja tó fẹ́ tò sórí iná sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣe, Tíṣà? Ṣé wọ́n ń sè é jẹ ní ìlú yín ni?"

Ìyá Rúùtù ni wọ́n ń pè é. Rúùtù ọmọ rẹ̀ ti wà nílé ọkọ ní Òde Ugbò, yàrá rẹ̀ ni wọ́n sì fún mi. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Rúùtù, apẹja ni, ó ń jáde lọ sójú òkun ní ìdájí, ó ń dé ní ìrọ̀lẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, gbogbo abúlé ti gbọ́ pé Tíṣà tuntun ń wá òkúta. Àwọn tí n kò tíì mọ̀ rí ń kí mi lórí afárá pákó pé, "Tíṣà, ṣé o ti rí i?" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Kì í ṣe ẹ̀sín yẹn gan-an ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti wá síbi tí ohun tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ayé mi ti di àwàdà.

Àwọn ẹgbẹ́ mi tó lọ sí ìlú òyìnbó máa ń sọ fún mi nípa òtútù àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Èmi kò gba ìwé ìrìnnà kankan, n kò wọ ọkọ̀ òfuurufú. Síbẹ̀, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àwọn ènìyàn yìí gbọ́ Yorùbá tí mò ń sọ, wọ́n sì ń fi í dá mi lóhùn, àmọ́ bí wọ́n bá kọjú sí ara wọn tí wọ́n ń sọ Ìlàjẹ, kíákíá ni ọ̀rọ̀ náà máa ń sá mọ́ mi lọ́wọ́. Màá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, màá pàdánù méjì, wọn á ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ní òru, omi á wọ abẹ́ ilé wa, á tún jáde. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń jí ní gbogbo ìgbà tó bá wọlé.

Ọdún tí mo lò níbẹ̀ bọ́ sí àsìkò ìjà inú odò. Àwọn ọkùnrin oníbọn ń fi ọkọ̀ asáré rìn láàrin igi ẹ̀gbà tó ń hù nínú omi, wọ́n ń já ẹ́ńjìnnì gbà lọ́wọ́ apẹja, nígbà mìíràn wọ́n á gbé apẹja fúnra rẹ̀ lọ. Mi ò lè sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, nítorí kò sí ẹni méjì tí mo bi tó dá mi lóhùn bákan náà. Abúlé wa, tí kò jìnnà sí Awoye, ti fi okùn so àwọn ìtì igi ńlá mọ́ ara wọn ní ẹnu odò, níbi tí odò wa ti ń wọ inú òkun. Bí agogo ìjọ bá ti dún, wọ́n á fa ìtì igi náà dí ẹnu odò, àwọn obìnrin àti ọmọdé á sì wọ ọkọ̀ lọ sínú igbó ẹ̀gbà.

Òfin kan wà lórí igi yìí. Bí ọkọ̀ ẹni wa bá ń bọ̀ wálé, tí ọkọ̀ àjèjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i, ì báà jẹ́ ọmọ ọba ló wà nínú ọkọ̀ wa. Ní abúlé kan, àwọn oníbọn ti mú apẹja kan lójú omi, wọ́n ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé níwájú, àwọn sì tẹ̀ lé e wọlé. Àwọn ará ilé rẹ̀ ń juwọ́ sí i kí wọ́n tó rí ìbọn.

Ẹni tó ń ṣọ́ igi náà ni Bọ̀dá Jónà, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín rárá. Mo bi í lọ́jọ́ kan bí ẹni tó ń jẹ́ Jónà ṣe di olùṣọ́ ẹnu odò.

"Ẹja ti gbé mi mì lẹ́ẹ̀kan nínú Bíbélì," ó ní. "Èmi ni mo mọ ọ̀nà àbájáde."

*

Kámẹ́rà ni ọ̀rẹ́ tí mo gbé láti ilé wá. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀gá ń gbé kọ́rùn. Ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kéré sí tiwọn, nítorí náà ó máa ń gé etí àwòrán kúrò, ohun tó bá jìnnà á sì dà bí ẹni pé ó tún sún mọ́ ju bí lẹ́ńsì ṣe fà á lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya ẹyẹ kò ní bínú sí èyí. Ẹyẹ ni mo sì fẹ́ yà: àwọn lékeléke tó ń tò sórí igi ẹ̀gbà, àti ẹyẹ kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun kan tó máa ń dúró lójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí á ń gbọn ìyẹ́, kó tó já lu omi bí òkúta. (Ẹ dárí jì mí, òkúta náà ló tún wá sí mi lẹ́nu.) Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà mi wá kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Mo sọ èyí fún Délé, tí a jọ kàwé ní yunifásítì, tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn. Ó fi lẹ́ńsì méjì ránṣẹ́ sí mi nínú ọkọ̀ tó máa ń wá láti Igbókọ̀dá, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn bí ìbejì. Ìwé kékeré wà láàrin wọn: "Lò wọ́n fún oṣù kan. Mú ọ̀kan, dá ìkejì padà, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí mi, kí n lè mọ ohun tí n ó máa sọ fún oníbàárà."

N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé ayọ̀ tí ìwé yẹn fún mi. Láti ìgbà tí mo ti dé, gbogbo ènìyàn ló ń kọ́ mi ní nǹkan: bí wọ́n ṣe ń wọkọ̀, bí wọ́n ṣe ń gba omi òjò, bí wọ́n ṣe ń jẹ pupurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ tiwọn. Ẹ̀ẹ̀kan yìí, ẹnì kan fẹ́ mọ nǹkan lọ́wọ́ mi.

Lẹ́ńsì kìíní kúrú, ike ló pọ̀ jù lára rẹ̀, kò sì wúwo. 250 ni wọ́n kọ síbi tí fífà rẹ̀ parí sí, ìyẹn ni bó ṣe lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ tó. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú àwòrán dúró jẹ́ẹ́ bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Bí mo bá gbé etí sí i, mo máa ń gbọ́ ọ tó ń kùn bí kòkòrò inú páálí. Ìkejì gùn, irin ni, 300 ni tirẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ ju ti kékeré lọ, ṣùgbọ́n kò ní ohun tó ń kùn yẹn. Bí mo bá fà á tán, mo máa ń rí ìlùkìkì ọkàn mi nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Ọkọ̀ ńlá kan wà lódìkejì odò tí wọ́n kọ "Àánú Ló Gbé Mi Dé" sí lára. Mo yà á láàárọ̀, mo yà á lọ́sàn-án, mo yà á nígbà tí ìkùukùu bò ó. Bí oòrùn bá mú, tí mo sì gbé èyí gbọọrọ sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà dúró, mo lè ka ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà ti já kúrò lára lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kékeré kò lè ṣe èyí. Ṣùgbọ́n afárá pákó ni gbogbo ọ̀nà wa. Bí ẹnì kan bá ru agbọ̀n ẹja kọjá ní ìpẹ̀kun kejì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi á mì, àánú á di méjì. Mo nílò ohun tó wúwo tí n ó so mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ní ìlú mi, òkúta ni à bá lò. N kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Jónà ló rí ìdààmú mi, ó lọ kó òjé àwọ̀n àtijọ́ wá, ó dì í sínú àpò.

"Òkúta wa nìyí," ó ní, kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbé èyí gbọọrọ wọnú ọkọ̀ èrò. A ń lọ sí Òde Ugbò, mo rí ẹyẹ mi, mo gbé lẹ́ńsì náà sójú. Obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ gbá a sílẹ̀ sórí itan mi.

"Gbé e sílẹ̀! Kí ẹni tó wà nínú igbó yẹn lè rò pé ìbọn ni, kó kọ́kọ́ yin tiẹ̀? Ẹyẹ lo ń wá, ikú lo fẹ́ yà!"

Gbogbo ọkọ̀ kó bò mí. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí, méjèèjì pọ̀ mọ́ra débi tí n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kékeré ni mò ń gbé wọkọ̀, nítorí ó lè wọ àpò.

Bẹ́ẹ̀ ni oṣù náà ṣe ń lọ. Jónà ti wá mọ̀ pé lẹ́ńsì gbọọrọ ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń ní, "Tíṣà, wá bá wa wò ó." Màá gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ ní orí afárá tó kọjú sí ẹnu odò, màá so òjé mọ́ ọn, màá máa pe ọkọ̀ tó ń bọ̀ lórúkọ. Èmi tí n kò mọ ohunkóhun wá di ojú abúlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀ jù.

*

Ìpẹ̀kun afárá, lẹ́bàá ilé agogo ìjọ, nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dé. Níbẹ̀ ni mo ti ń bá màmá mi sọ̀rọ̀. Ó máa ń tẹ́tí sí rédíò ní Ṣakí, ohunkóhun tí rédíò bá sọ nípa odò, ọ̀dọ̀ mi ló ti ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ń yìnbọn lẹ́yìnkùlé yín."

"Màmá, kò sí ẹ̀yìnkùlé níbí. Omi ni."

"Ẹ̀yìnkùlé omi náà ni mò ń sọ!"

Òun ló lọ bá ẹni tó mọ ẹni, títí ìwé tí yóò gbé mi kúrò níbẹ̀ fi jáde. Ìwé náà ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni yóò gbé mi lọ, èmi àti lẹ́ńsì tí mo bá fẹ́ dá padà. N kò tíì sọ fún Ìyá Rúùtù. Mo ń sọ fún ara mi pé mo ń wá ọ̀rọ̀ tó dára tí n ó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé n kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ lọ, ó sì ń tì mí lójú pé n kò mọ̀.

*

Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn, ìkùukùu dúdú gbára jọ lójú òkun lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Omi ti fà. Bí omi bá fà, ìgbì máa ń fọ́ ní ẹnu odò, ọkọ̀ tó kún fún ẹja kò sì gbọdọ̀ dúró síta pẹ́, nítorí ìgbì á dà á bolẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé àfi ti Bàbá Rúùtù. Nígbà tó yá, Jónà na ọwọ́ sí nǹkan kan tó rí bí eṣinṣin lójú omi.

"Tíṣà."

Mo fa lẹ́ńsì gbọọrọ tán. Aṣọ pupa wà lórí ọ̀pá, èyí tí Bàbá Rúùtù ya lára ìró ìyàwó rẹ̀ tó fi ń ṣe àmì. Òun fúnra rẹ̀ dúró nídìí ẹ́ńjìnnì. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà mo rí ohun tó wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀: ọkọ̀ asáré aláwọ̀ eérú kan, ènìyàn kún inú rẹ̀, iwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí ọkọ̀ Bàbá. Bí ènìyàn bá fò láti inú èyí, inú tọ̀hún ni yóò bọ́ sí.

Mo tẹ kámẹ́rà. Àwòrán náà mọ́ kedere. Mo fi han Jónà.

Ó wò ó. "Wọ́n ti mú un," ó ní. Ó yíjú sí àwọn tó wà nídìí okùn. "Ẹ fà á dí. Ẹ lu agogo."

Agogo dún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó, mo gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ tí ìyá wọn ń pè. Ìtì igi fẹ̀ sójú omi láti etí kan dé èkejì. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ronú pé ìwòye mi ti gba abúlé là. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí bó ṣe rí: láàrin ìbẹ̀rù yẹn, ìgbéraga díẹ̀ wà nínú mi.

Ìyá Rúùtù kò sá. Ó ń bọ̀ lórí afárá, eérú ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n rí ọkọ mi."

Mo gbé kámẹ́rà fún un. Ó mú un jìnnà sójú díẹ̀, bí àgbàlagbà ṣe ń mú ìwé. Ó wò ó pẹ́. Omijé ni mo ń retí.

"Tíṣà," ó ní, "ta ló yọ omi kúrò láàrin wọn?"

Mo tún wo àwòrán náà.

"Wo abẹ́ ọkọ̀ ọkọ mi. Omi ẹrẹ̀ ni, omi odò wa tó ń tú jáde. Wo abẹ́ ọkọ̀ kejì. Dúdú. Ibú ni. Láàrin omi ẹrẹ̀ àti ibú, omi kan wà tó rí bí ewé. Kì í ṣe omi kékeré. Kí ọkọ̀ tó là á kọjá, mo ti lè yí ẹja orí iná mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Níbo ló wà níbí?" Ó fi èékánná rẹ̀ tọ́ka sí ìlà tín-ínrín kan láàrin ọkọ̀ méjèèjì, ìlà kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó okùn àwọ̀n. "Òun nìyí. O ti ká a bí ẹní."

Jónà sún mọ́ ọn. "Ìyá Rúùtù, mo mọ̀ pé ọkọ yín ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la ṣe òfin yìí. Bí mo bá ṣí i nítorí omijé yín..."

"Ṣé o rí omijé lójú mi? Èéfín ẹja ni. Omi ni mò ń bá ọ sọ, o ń bá mi sọ omijé."

"Ẹ fún mi ní ẹ̀rí tí mo lè fi ojú ara mi rí."

Ìgbà náà ni orí mi pé. Mo ti kà á nínú ìwé, mo ti gbàgbé rẹ̀: bí ènìyàn bá dúró sílẹ̀ tó fi lẹ́ńsì fa ohun tó jìnnà, ohun méjì tí ọ̀nà wọn jìn síra á lẹ̀ mọ́ra. Orí afárá ni mo wà, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba. Kí ni ọmọ Ṣakí ń ṣe bó bá fẹ́ mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó láàrin ẹni méjì tó ń bọ̀ láti oko? Ó ń gun òkè ni. Gbogbo ilẹ̀ yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kan, àfi ilé agogo.

Mo wo lẹ́ńsì méjèèjì. Lórí àkàsọ̀ onígi, ọwọ́ kan ni n ó fi dì í mú. Mo tú gbọọrọ kúrò, mo de kékeré mọ́ kámẹ́rà, mo sáré.

Àkàsọ̀ ilé agogo náà ti gbó. Ọkùnrin tó ń lu agogo kò dáwọ́ dúró, gbogbo igi náà sì ń gbọ̀n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo kígbe pé, "Ẹ dákẹ́ ná!" Kò gbọ́. Mo fi apá òsì gbá òpó mọ́ra, mo gbé kámẹ́rà sójú pẹ̀lú ọ̀tún. Agogo ń lu inú eyín mi. Nínú lẹ́ńsì, kòkòrò kékeré náà ń kùn, àwòrán sì rọra dúró, bí ọmọ tí wọ́n gbé pọ̀n.

N kò fà á rárá ní àkọ́kọ́. Mo jẹ́ kó fẹ̀. Mo rí omi ẹrẹ̀ tó tẹ́ jáde láti ẹnu odò wa bí ahọ́n, pẹ̀lú aṣọ pupa lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi tó rí bí ewé, ó fẹ̀, ó fẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibú, ọkọ̀ asáré náà sì wà lọ́hùn-ún. Mo wá fà á. Ọkọ̀ náà ti ń fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí, ó ń gba ojú òkun lọ sí ìwọ̀ oòrùn, aṣọ ìléfòó aláwọ̀ ọsàn sì wà lọ́rùn gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ epo máa ń wọ̀.

"Omi ewé wà níbẹ̀!" mo ké. "Ó wà níbẹ̀! Ó pọ̀!"

N kò rò pé ẹnikẹ́ni ti ké irú igbe bẹ́ẹ̀ rí lórí ilé agogo.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi àwòrán han Jónà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ṣí i!" Òun fúnra rẹ̀ bẹ́ sínú omi láti ti ìtì igi náà.

Bàbá Rúùtù ti dé ẹnu odò. Ó ń yí ọkọ̀ rẹ̀ káàkiri níta níbi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ń gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń bi Ọlọ́run ní ìbéèrè. Ìgbì kan gbé ìdí ọkọ̀ náà sókè, agbọ̀n ẹja kan fò lọ, ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún padà. Ìyá Rúùtù di ọwọ́ mi mú. Ìka rẹ̀ wọ mí lára. Ìgbì tó tẹ̀ lé e ló gbé ọkọ̀ náà gba àárín ìtì igi wọlé, bí ìgbà tí wọ́n jù ú sí wa.

Ó so ọkọ̀ rẹ̀, ó gun orí afárá, omi ń kán lára rẹ̀.

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ mi?"

Gbogbo ènìyàn wò mí. Mo kúnlẹ̀ lórí pákó. Mo ní èmi ni, mo ní mo rí ọkọ̀ asáré lẹ́yìn yín, mo ní mo rò pé wọ́n ti mú yín, mo ní ẹ má bínú, mo sọ ọ́ ní ọ̀nà bíi mẹ́fà, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Ọkọ̀ asáré wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn yín, sà."

Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo Jónà. "N kò rí ọkọ̀ kankan."

Jónà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bàbá Rúùtù gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó wo àwòrán ara rẹ̀ tó dúró nídìí ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé bí ẹ̀yìn mi ṣe máa ń tẹ̀ nìyí?" ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń sọ fún ọ."

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jẹun tán, mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ mi, Ìyá Rúùtù ní kí n dákẹ́. "O ṣì í wò. O sì gun òkè lọ tún un wò. Ẹni tó ṣì í wò tí kò tún un wò ni kí n bínú sí." Nígbà náà ni mo lọ mú ìwé abẹ́ ìrọ̀rí mi wá, mo kà á fún wọn. Bàbá Rúùtù ń yọ egungun ẹja. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n má lọ. Ìyá Rúùtù kàn béèrè pé, "Ta ni yóò wá máa gun ilé agogo?" Ó bi mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́.

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ Igbókọ̀dá dé. Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé lẹ́ńsì gbọọrọ, mo kọ ìwé sí Délé: "Èyí mọ́ ju ìkejì lọ. Bí o bá ní oníbàárà tó ń dúró lórí ilẹ̀ tó le, tí kò sì kánjú, òun ni kí o tà á fún. Níbi tí mo wà, ilẹ̀ ń mì. Èyí tí mo lè fi ọwọ́ kan dì mú, tí á sì fara da ìgbọ̀nrìrì mi, ni mo mú. Má sọ fún wọn o, pé gígùn lẹ́ńsì ló ń ká omi. Ibi tí mo dúró sí ni. Kékeré náà ì bá purọ́ fún mi bákan náà ká ní mo dúró sílẹ̀."

Mo gbé e fún awakọ̀. Ó ní, "Ẹrù tìẹ dà?" Mo ní òun nìyẹn.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìgboyà ni. Ẹ̀rù ń bà mí títí ọdún náà fi parí, ewu sì wà lóòótọ́. Kí àsìkò òjò tó parí, àwọn oníbọn ti já ẹ́ńjìnnì méjì gbà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí, mo ṣì ń gbìyànjú láti ṣàlàyé ìdí tí n kò fi wọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ibi tó sún mọ́ ọn jù tí mo lè dé nìyí: wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ láti dáhùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ọjọ́ Ẹtì yẹn, màmá mi pè. Mo dúró ní ìpẹ̀kun afárá, Ìyá Rúùtù ń tún àwọ̀n ṣe nítòsí mi.

"O ò kúrò níbẹ̀! Mo gbọ́ ọ lórí rédíò láàárọ̀ yìí, wọ́n dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní ilé jó. Tòsí yín ni!"

Ó dárúkọ ibẹ̀ fún mi. Mo bi Ìyá Rúùtù.

"Ibẹ̀ yẹn?" Kò gbójú sókè. "Ẹni tó bá ń fi àjẹ̀ wakọ̀ á sùn lọ́nà lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀. Ta ló ní tòsí wa ni?"

"Màmá mi ni."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Gbé e wá."

Ó gba fóònù, ó ń pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni pé Ṣakí wà lódìkejì odò. Wọ́n kí ara wọn títí. Ìyá Rúùtù bi í léèrè oko, ó bi í léèrè òjò, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé òkúta pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ́tí sí i. Mo gbọ́ ohùn màmá mi tó ń jáde tín-ínrín láti inú fóònù, n kò gbọ́ gbogbo ohun tó sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìbéèrè tó fi parí rẹ̀: ṣé ẹ̀ ń rí ọmọ mi dáadáa?

Ìyá Rúùtù gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ojú tó fi wo àwòrán ọjọ́ yẹn.

"Mo ń rí i," ó ní. "Ó ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń jẹ pupurú. Iwájú mi ló dúró sí yìí. Kò sí omi kankan láàrin wa."

Mo wo ẹsẹ̀ wa. Gbogbo omi tó wà níbẹ̀, abẹ́ pákó ló wà, ó ń fà lọ sójú òkun.